Mo Fẹ́ Ṣe Lọ́yà fún Segway

Ní oṣù keje ọdún 2016, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Prague, olú ìlú orílẹ̀-èdè Czech, dá ẹjọ́ kan tó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú náà nínú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Segway kò gbọ́dọ̀ yí táyà mọ́ láàárín ìlú wọn àtijọ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà kó àlejò káàkiri pariwo títí ẹnu fi bó wọn, òfin ò yí padà. Wọ́n ri pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ti rò tẹnu rẹ̀: ará ìlú tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ fẹ́ kú, olóṣèlú tí ojú rẹ̀ wà lára ìbò. Ọ̀daràn fúnra rẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí rèé tí mo fi wọ aṣọ dúdú, tí mo gbé wíìgì funfun lé orí, tí mo ní n ó ṣe lọ́yà fún un láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé ni adájọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi oníbàárà mi hàn yín. Táyà méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láàárín wọn ni pẹpẹ kékeré kan wà tí èèyàn ń dúró lé, tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ilẹ̀ lọ. Irin kan ti ibẹ̀ gòkè wá sí ìdodo, ọwọ́ ìdìmú sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ìjókòó, kò sí ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí o bá tẹ ara síwájú díẹ̀, á lọ. Bí o bá fà sẹ́yìn, á dúró. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ bí ara ṣe ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń yí táyà tẹ̀ lé e kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ má baà dojú délẹ̀. Ó lè sá eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Kò fẹ́ ẹni tí kò tó kílò 45, kò sì fẹ́ ẹni tó ju kílò 118 lọ. Ọmọdé ò lè gùn ún, àgbàlagbà tó bá sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé iyán mì, kó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Dean Kamen ló ṣe é. Kó tó gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2001, ariwo ti ta. Wọ́n ròyìn pé Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà náà, sọ pé ìlú ni wọn yóò máa kọ́ yí ẹ̀rọ náà ká. Kamen náà ní ohun tí mọ́tò ṣe fún ẹṣin ni òun fẹ́ ṣe fún mọ́tò. Ó retí pé ilé iṣẹ́ òun yóò máa ṣe 10,000 jáde lọ́sẹ̀ kan. Owó ọ̀kan tó bíi dọ́là 5,000. Nígbà tí wọ́n fi máa pa iná ilé iṣẹ́ náà ní oṣù keje ọdún 2020, gbogbo èyí tí wọ́n tà láyé kò ju bíi 140,000 lọ. Ohun tí Kamen rò pé yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ọdún méjìdínlógún ó lé ni wọ́n fi tà á.

Ẹ má fi oníbàárà mi ṣẹ̀sín o. Ìdílé rere ló ti wá. Kamen ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n kan náà ṣe àga kan tí wọ́n ń pè ní iBOT, fún àwọn tí kò lè rìn. Àga náà lè gun àtẹ̀gùn, ó sì lè nàró lórí táyà méjì kí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè bá ẹni tó dúró sọ̀rọ̀ lójúkojú. Iṣẹ́ àánú gidi ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣàánú ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn, wọ́n tà á fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì ṣánṣán tí kò fẹ́ lò wọ́n. Ìlú tuntun tí wọ́n ní wọn yóò kọ́ yí i ká, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Inú ìlú àtijọ́ ni ẹ̀rọ tuntun yìí ti wá rí oúnjẹ jẹ, lábẹ́ àwọn àlejò tó fẹ́ fi wákàtí méjì wo ohun tí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ọdún kọ́.

Mo mọ̀ pé olùpẹjọ́ yóò máa ka ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Yóò ní oníbàárà mi gbé George Bush, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣubú ní ọdún 2003. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó gbé Bush ṣubú láyé yìí pọ̀. Kí wọ́n má di gbogbo rẹ̀ lé táyà méjì lórí. Yóò ní ní Beijing lọ́dún 2015, bí Usain Bolt ṣe gba wúrà eré mítà 200 tán tó ń kí àwọn òǹwòran, ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n kan tó gun Segway gbá a lulẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èyí gan-an, ìyìn ni mo kà á sí. Ẹni tí gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ ayé ò lè bá, Segway bá a. Yóò tún ní nílùú Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1835 kò jẹ́ kí Segway gun ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Òfin ayé ẹṣin ni wọ́n fi mú ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2001. Ẹ ò rí i pé ìkà wà nínú ayé?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ìwà ọ̀daràn náà ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Segway ṣì wà lóde ní Prague, àlejò á dé, á sanwó, wọ́n á fi akoto irú èyí tó yẹ kí ọlọ́kadà máa dé bò ó lórí, wọ́n á mú un lọ sí kọ̀rọ̀ kan kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú àti bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ó parí, ó ti di ọ̀gá awakọ̀, wọ́n ti tú u sígboro láàárín aláboyún àti arúgbó tó ń ra búrẹ́dì bọ̀. Wọ́n á tò lẹ́yìn amọ̀nà ní ìlà kan ṣoṣo, ọkọ ò lè bá aya sọ̀rọ̀, aya ò lè bá ọkọ jà. Títì ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ní kéékèèké tí wọ́n tò ti ara wọn. Bí táyà bá gun orí rẹ̀, gbígbọ̀n náà á ti orúnkún gòkè dé eyín. Amọ̀nà ń sọ ìtàn ọba Charles kẹrin, eyín ń gbá eyín. Ìdajì ọba náà ni àlejò gbọ́.

Wọ́n á dé ìdí aago ńlá tó wà lára gbọ̀ngàn ìlú, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1410. Aago náà kì í sọ wákàtí nìkan, ó ń sọ ibi tí oòrùn àti òṣùpá dé pẹ̀lú. Bí wákàtí bá pé, egungun èèyàn kan tó dúró fún Ikú á fa okùn agogo, fèrèsé méjì á ṣí lókè, àwọn àpọ́sítélì méjìlá á máa yọjú kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin adájọ́, ẹ wò wọ́n dáadáa. Wọn ò gbẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n dúró lé ló ń yí tó ń gbé wọn kọjá, ojú wọn le koko, wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ṣé oníbàárà mi ló wá mú àṣà yìí wọ Prague? Àwọn ẹni mímọ́ ti ń gun Segway lókè níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá Kamen!

Láti ibẹ̀ dé afárá Charles, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tí kò kánjú. Ọdún 1357 ni ọba Charles kẹrin yẹn fi òkúta ìpìlẹ̀ afárá yìí lélẹ̀. Ìtàn ìlú ní àwọn awòràwọ̀ ló bá a mú àkókò: ọjọ́ 9, oṣù 7, aago 5 ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 31, kí nọ́ńbà rẹ̀ lè gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọdún dé orí ìṣẹ́jú: 1, 3, 5, 7, 9, 7, 5, 3, 1. Odindi ọba fara balẹ̀ ka ìṣẹ́jú nítorí òkúta kan. Mítà 516 ni afárá náà gùn. Bí Segway bá sá eré rẹ̀ dópin lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó ti tán.

Ère 30 ló tò sórí afárá náà. Èyí tó lókìkí jù ni ti Jan Nepomuk, àlùfáà tí ọba Wenceslas kẹrin ní kí wọ́n jù sínú odò Vltava ní ọdún 1393. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àwòrán idẹ tó wà lábẹ́ ère náà yóò rí oríire. Ọwọ́ èèyàn ti pa idẹ ọ̀hún lára títí tó fi ń dán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Segway ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá na ọ̀kan sí oríire lè fi orí náà gbá ògiri afárá. Àlejò á kọjá, oríire rẹ̀ á dúró síbẹ̀ máa dúró de ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ti ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ti ẹni orí Segway tún légbá kan sí i: ọrùn ẹni iwájú rẹ̀ ló ń wò, tàbí ilẹ̀, kó má baà ṣubú. Ó ti Amẹ́ríkà wọ bàlúù wá wo akoto ẹlòmíì.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ àwíjàre mi. Ta ló ku tí wọn ò mú? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọ bàlúù wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ọtí bíà Prague dára, kò sì wọ́n, tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, tí wọ́n ń kọrin títí di òru, tí wọ́n wá ń bì sẹ́nu ọ̀nà onílé, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Àwọn àádọ́ta tó ń tẹ̀ lé agbòòrùn amọ̀nà kan, tí wọ́n dí ojú ọ̀nà pátápátá tí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ò ríbi gbà, ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tó gbé fóònù sókè láti ìgbà tí Ikú ti fa agogo títí fèrèsé fi padé, tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí àpọ́sítélì kan ṣoṣo, ẹlẹ́sẹ̀ lòun náà. Gbogbo wọn ń wá kó ìlú náà lọ sílé láìdé inú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Segway dá kò ju pé ó fi sẹ̀ǹtímítà 20 gbé wọn ga, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tó sì jẹ́ kí n fura sí ìdájọ́ náà nìyẹn. Ìlú tó bá ń ta ọjọ́ orí rẹ̀ fún àlejò máa ń fẹ́ owó náà, ojú ẹni tó mú un wá ni kò fẹ́ rí. Lẹ́yìn tí Segway lọ, ṣé àlàáfíà dé? Àwọn oníṣòwò kan gbé skútà oníná tí táyà rẹ̀ tóbi jáde, amọ̀nà kan náà, akoto kan náà, ìtàn Charles kan náà. Ó tún di kẹ̀kẹ́ ọtí, tábìlì tó ní táyà tí àwọn ọ̀mùtí ń wà kiri títì bí wọ́n ṣe ń mu. Ìjọba ìlú tún dìde sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n tún fi òfin de àwọn tó ń kó àlejò láti ilé ọtí dé ilé ọtí láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ń lé ohun tí àlejò gùn, wọ́n ń lé ohun tó mu, ohun tó bá wá ò sẹ́ni tó bi í.

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni mo yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lámẹ́ríkà, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun wà tí Segway dá padà sígboro; ìyẹn ni ìdílé rere oníbàárà mi tún fojú hàn. Ẹni tó sì ń gbé inú ìlú àtijọ́ náà, tó ń gbé àpò ọjà gun òkè lọ sílé lójoojúmọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí títì tí kò ní fò lórí rẹ̀.

Nítorí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀bẹ̀ mi fi rí báyìí: kí Prague dá Segway padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di dandan. Àlejò tó bá fẹ́ dúró lọ́sẹ̀ kan, tó fẹ́ jẹun níbi tí onílé ti ń jẹun, tó fẹ́ ṣìnà lọ síbi tí amọ̀nà ò mọ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní wákàtí méjì ló fẹ́ fi mọ ìlú tó ti wà kí ìdílé rẹ̀ tó ní orúkọ, kí wọ́n gbé e gun pẹpẹ ní pápá bàlúù, kí wọ́n dé akoto fún un, kí onílé lè rí i láti òkèèrè kó yà fún un. Kí wọ́n kéde rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí i bí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ṣe rántí lójijì pé àwọn ní ẹsẹ̀.