Ọ̀gbẹ́ni Ó-Kù-Díẹ̀-Káàtó

Ẹ ti pàdé rẹ̀ rí. Bí ẹ bá gba òpópónà Ọ̀tígbà kọjá ní Computer Village, Ìkẹjà, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ wo ọkùnrin tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí kò rajà, tí kò sì lọ sílé. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fa oníbàárà lápá kì í bi í mọ́ pé kí ló fẹ́ rà. Ó ti di ará ilé. Bó bá dé iwájú ìsọ̀, á gbé power pack kan, á jù ú sókè díẹ̀, á hán an, á wá kọjú sí ontàjà: "Ọ̀gá mi, ẹ gbé e wò. Wọ́n kọ 850 wáàtì sí i lára, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń sọ ni òótọ́, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòroó bá jà nìyẹn.

Níwájú rẹ̀, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Akáǹtáǹtì ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Ó-Kù-Díẹ̀-Káàtó ni, nítorí kò tíì sí ẹ̀rọ kankan tó tó lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà kan. Dell OptiPlex 9020 ló ní, ọ̀kan nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọ̀lú nígbà tí ó bá sú àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2013 ni irú rẹ̀ jáde. Àmì tí ọ́fíìsì àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára ṣì wà níbẹ̀. Core i7-4770 ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ sì tó. Ó ń tẹ lẹ́tà, ó ń wo fíìmù, ó tilẹ̀ ń gbá GTA V díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyàwó bá ti sùn. Àbúrò rẹ̀ ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ọmọ náà pè láti Houston: "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, kí ni kí n mú bọ̀ fún yín?" Ẹlòmíràn á béèrè bàtà. Graphics card lòun béèrè, RTX 3060, èyí tó ní gígábáìtì 12.

Bí káàdì náà ṣe dé ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Káàdì yẹn nìkan máa ń jẹ tó 170 wáàtì. Power pack inú Dell, 290 ni gbogbo agbára rẹ̀, kò sì ní wáyà tí wọ́n máa kì bọ káàdì lára. NVIDIA tó ṣe é ní power pack 550 ni kí èèyàn lò. Ó dáa, a ó ra 550. Ṣùgbọ́n Dell kò jẹ oúnjẹ tí ayé ń jẹ. Níbi tí mọ́dábọ́ọ̀dù yòókù ti ń gba wáyà oníhò 24, oníhò mẹ́jọ ni tirẹ̀. Wáyà kékeré kan wà tó ń bá àwọn méjèèjì làjà, Ẹnjiníà wa sì mọ gbogbo ìsọ̀ tó ń tà á. Ó wá ku pé káàdì gùn, ìdí rẹ̀ sì lọ kan irin tó gbé háàdì díìsìkì dúró. Ó mú ayùn irin. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá òru.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní wá sùn ni?"

"Mò ń bọ̀. Ó kù díẹ̀."

Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà tàn. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ géèmù, ibẹ̀ ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra fìlà ẹtù tuntun ni bàbá wa yìí, àárọ̀ ọjọ́ náà ló rí i pé agbádá òun ti ṣá. Kò ṣí géèmù kankan kó gbádùn rẹ̀. Ohun tó ṣí ni àwọn nọ́ńbà tó máa ń yọ sí igun ojú ẹ̀rọ. Wọ́n fi hàn án pé pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dé ìdá ọgọ́rùn-ún, káàdì tuntun sì ń ṣe bí ìdajì. Ọ̀rọ̀ kan wọ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò tíì jáde títí di òní: bottleneck.

Kò parọ́. Kí káàdì tó ya àwòrán kan, pírósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ibi tí olúkúlùkù èèyàn, mọ́tò àti ọta ìbọn wà, kó tó gbé iṣẹ́ fún un. Pírósẹ́sọ̀ ọdún 2013 kò lè ṣírò yára tó, káàdì á sì máa wojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ó bá ní kí géèmù ya àwòrán tó dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì ni iṣẹ́ yẹn á wúwo lé lórí, a ò sì ní rí aláìníṣẹ́ kan níbẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, mónítọ̀ tó ń wò, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo ohun tó lè fi hàn, ẹ̀rọ náà sì ti ń ṣe ju 60 lọ. Ojú rẹ̀ kò pàdánù nǹkankan. Aládùúgbò kan sọ èyí fún un. Ó dúpẹ́, ó sì gba Ìkẹjà lọ. Ìwòsàn tí kò bá ní rírà nínú kì í ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ó sì mọ bí a ṣe ń dààmú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ti kà pé ìran kẹrin PCIe, ọ̀nà tí káàdì fi ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ni wọ́n ṣe káàdì náà fún, ìran kẹta sì ni ti Dell, oorun kò kùn ún mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún káàdì tó ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún kò tó ohun tí èèyàn ń sunkún sí. Káàdì bíi RX 6500 XT, tí wọ́n fún ní ọ̀nà mẹ́rin péré, ni irú ìyẹn ń fìyà jẹ gan-an. Ẹnjiníà mọ̀. Ó kàn fẹ́ sunkún náà ni.

Ayé náà sì ń bá a wá àwáwí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, ẹni tó bá ní òun á dúró de owó oṣù tó ń bọ̀ lè bá ọjà lórí igi. Nítorí náà, ó ń fi ìnáwó tọ́jú owó. Nígbà tó wá di oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Windows 11 kò gba pírósẹ́sọ̀ Intel tó ju ìran kẹjọ lọ ní ọjọ́ orí. Ìran kẹrin ni tiwa. Ọjọ́ náà dà bí ọdún fún un. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ní kì í ṣe òun, Amẹ́ríkà ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pírósẹ́sọ̀ tuntun kò wọ ojúhò àtijọ́: ó di mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun. Mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun kò gba RAM DDR3: ó di RAM tuntun. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan Dell, wáyà rẹ̀ kò bá bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn mu: ó di casing tuntun, onídígí, tí iná aláwọ̀ méje ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Mónítọ̀ tẹ̀ lé e. Wáyà iná àti mouse nìkan ló ṣẹ́ kù lára ẹ̀rọ àkọ́kọ́, Ẹnjiníà sì ń sọ fún ayé pé òun ṣe àtúnṣe díẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, káàdì láti Houston ló wá dàgbà jù nínú ilé náà. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ kì í pariwo. "Bàbá Ìbejì, nǹkan kan lẹ ní ẹ rà. Páálí ta wá ni gbogbo ìwọ̀nyí lórí kọ́bọ́ọ̀dù?" Ó ní tí èèyàn bá ju páálí nù, wárántì ti lọ nìyẹn. Ó ní ti àwọn ọmọ náà ni, wọn á fi kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dígí rẹ̀.

Ẹ wá bi í pé géèmù wo ló ń gbá. Ó ní Cyberpunk 2077, èyí tó jáde lọ́dún 2020. Nínú géèmù náà, bọ́tìnì kan wà tí ẹ lè tẹ̀, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ rìn káàkiri ìlú, á sì sọ iye àwòrán tó yà fún yín. Bọ́tìnì yẹn ló ń tẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ lójú ooru, ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó pààrọ̀ fáànù, ó ti tẹ̀ ẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ láti mọ̀ bóyá iná Nẹ́pà ló ń dí i lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé V ni orúkọ ẹni tí wọ́n ní kó fi ṣeré.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní Yaba Tech. Ó tọrọ òkú Dell tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tòun tirin tí ayùn ti gé. Wọ́n fún un. Ó wá GTX 1050 Ti àlòkù kan, káàdì ọdún 2016, tí kì í jẹ ju 75 wáàtì lọ. Ojúhò inú mọ́dábọ́ọ̀dù lásán ti tó láti bọ́ ọ, kò béèrè wáyà, kò béèrè power pack. Láti ìgbà náà, yàrá ọmọ yẹn làwọn ìbejì máa ń lọ lẹ́yìn ìsìn. Ẹnjiníà tọ̀ wọ́n lọ lọ́jọ́ kan, ó bá wọn nídìí bọ́ọ̀lù.

"Àǹkù, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká gbá a."

Wọ́n gbá góòlù mẹ́rin wọ̀ ọ́ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ó ní frame ló ń já, pé ọwọ́ òun yá ju ojú ẹ̀rọ yẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sẹ́yìn Dell.

"Power pack wo lo fi sí i?"

"Èyí tó bá a wá ni, sà."

"290?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mirí. Ó ní kò lè gbé e débì kankan, ó sì fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Táíwò ti gba pad lọ́wọ́ rẹ̀, Kẹ́hìndé sì ń sọ pé kí Dádì jọ̀ọ́ sún kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n.