Bíà, Epo Rọ̀bì àti Igi Gẹdú Nídìí Oògùn Ìtọ̀ Ṣúgà

Ẹ̀yin tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí ẹ jáwọ́ nínú bíà nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sún mọ́ ibí. Mo fẹ́ fi àwọn tó wà nídìí oògùn yín hàn yín. Novo Nordisk ni mò ń wí, ilé-iṣẹ́ ará Denmark tó fìdí sí Bagsværd lẹ́bàá Copenhagen. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Henrik Poulsen ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ olùdarí wọn. Òun kan náà ni alága Carlsberg. Carlsberg oníìgò aláwọ̀ ewé yẹn náà ni o, kì í ṣe orúkọ ló jọra. Bí Henrik bá sì gbójú sókè nínú ìpàdé, ojú rẹ̀ á ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Laurence Debroux, obìnrin ará Faransé tó di kọ́kọ́rọ́ owó Heineken mú láti 2015 sí 2021. Ilé oògùn ìtọ̀ ṣúgà, Carlsberg ń gbàlejò Heineken níbẹ̀! Pẹpẹsúùpù ẹran ewúrẹ́ nìkan ni wọn ò tíì yàn sípò.

Ẹ má tíì dìde. Christina Law náà wà níbẹ̀. Kó tó débẹ̀, ó ti wà lára àwọn ọ̀gá General Mills tó ń mójú tó ọjà wọn ní Éṣíà. General Mills yìí ló ń ta Cheerios tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bu mílíìkì lé fún ọmọ wọn láàárọ̀, òun náà ló sì ń ta áísìkiriìmù Häagen-Dazs fún àwọn ará Éṣíà. Andreas Fibig tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà IFF nígbà kan. Iṣẹ́ IFF ni kí wọ́n po adùn àti òórùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí èèyàn lè mu ohun inú agolo kó sì búra pé ọsàn lòun mu, nígbà tó jẹ́ pé ọsàn ò gba ọ̀dọ̀ agolo náà kọjá. Kí n má purọ́ mọ́ Andreas, ó ti ṣe ọ̀gá nídìí oògùn ní Bayer rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe, n ò wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Ẹ wá fojú inú wo ìpàdé náà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta bíà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta áísìkiriìmù, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un dùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n korí jọ, wọ́n ń bi ara wọn pé: kí ló dé tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ aráyé fi ń ròkè? Tí ẹnì kankan nínú wọn bá yọjú síta, tó ní ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti mọ̀, ẹ bá mi mú un.

Alága gbogbo wọn wá ńkọ́? Elépo ni. Ẹ̀gbọ́n Helge Lund, ọmọ Norway, ló darí Statoil láti 2004 sí 2014. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó gba BG Group ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí Shell fi gbé BG mì. Láti 2019 sí 2025, òun ni alága BP. Láàárín gbogbo eléyìí, ó di alága Novo Nordisk ní 2018, ó ń fi ọwọ́ kan ka àgbá epo rọ̀bì, ó ń fi ọwọ́ kejì ka ìgò insulin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti débi epo kì í kúrò níbẹ̀ lọ tọ́jú aláìsàn. Bí ara òun fúnra rẹ̀ kò bá yá, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbà lọ.

Igbákejì rẹ̀, oníbíà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, ti ṣiṣẹ́ ní LEGO, níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ìṣeré fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló darí iléeṣẹ́ tẹlifóònù TDC, ló tún bọ́ sí ilé-iṣẹ́ iná DONG, tó kó o kúrò nídìí èédú àti epo lọ sídìí afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí Ørsted ní 2017. Ìṣeré ọmọdé, fóònù, afẹ́fẹ́, bíà, insulin. Bí ọmọ yín bá kó irú ìwé ìwáṣẹ́ yìí wálé, ẹ̀yin náà á bi í pé ìgbà wo ló máa fìdí kalẹ̀.

Àwọn méjì kan wà tí n ò rí nǹkan bú sí lára: Sylvie Grégoire, apòògùn tó ti ṣiṣẹ́ ní Biogen àti Shire, àti Martin Mackay tó ti ṣe olórí ìwádìí oògùn ní Pfizer àti AstraZeneca. Mo wò wọ́n yíká, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí agbẹjọ́rò wọn máa sọ. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ ńlá kò nílò dókítà jọ lórí tábìlì, ẹni tó ti tajà kọjá òkun, tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó, ló ń wá. Òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí oògùn wọn, Ozempic, ń tà wàràwàrà, tí Wegovy tó ń fa èèyàn rù tẹ̀ lé e ní 2021, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ní 2023, Novo Nordisk di ilé-iṣẹ́ tó níye lórí jù ní Yúróòpù. Iye tí wọ́n fi í sí lọ́jà ṣíà ju gbogbo ohun tí Denmark ń pa wọlé lọ́dún kan lọ. Lásìkò yẹn, elépo gbọ́n, ọlọ́tí gbọ́n, oníbúlọ́ọ̀kù náà gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ mú páálí insulin Mixtard tí ìyá yín tọ́jú sínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja dídì, èyí tó ń sáré gbé bọ́ sínú kúlà tí iná bá ti lọ. Akọ màlúù búlúù tó gbé oòrùn sáàárín ìwo ló wà lára rẹ̀, àmì Novo Nordisk nìyẹn. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní South Africa, wọ́n sì ti mọ peni insulin lò nílé ìwòsàn ìjọba. Ní 2024, Novo Nordisk kò bá ìjọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn peni náà mọ́, wọ́n ní agbára ìpèsè àwọn kò gbé e. Àwọn aláìsàn padà sídìí ìgò àti sírínjì. Peni Ozempic ṣì ń tà ní Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ta bíà dé abúlé tí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Heineken kì í sọ fún wa lọ́jọ́ ọdún pé agbára ìpèsè àwọn kò gbé e.

Ohun tó wá bá ìgbìmọ̀ náà kì í sì í ṣe ẹkún aláìsàn. Eli Lilly ti Amẹ́ríkà ló gbé oògùn tiẹ̀ dé, ó ń lé wọn lọ. Àwọn tó ń po àdàkọ oògùn Novo ní Amẹ́ríkà náà ń jẹ lára ọjà. Ṣíà já wálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà, Lars Fruergaard Jørgensen, máa lọ. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n kéde pé Lars mìíràn ń bọ̀ wá bá ìgbìmọ̀ jókòó. Lars Rebien Sørensen ni, ọ̀gá àgbà láti 2000 sí 2016. Wọ́n ní olùwòye lásán ni. Yorùbá tó bá gbọ́ pé àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá wòran ní ilé tó ti jọba rí, ṣe ló máa lọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ pamọ́.

Ìdí ni pé Bàbá Sørensen ni alága Novo Nordisk Foundation, àjọ ìtọrẹ tó ni Novo Holdings, tí Novo Holdings sì di Novo Nordisk mú. Ìpín tí wọ́n ní kò ju bí 28 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ìbò tó wà lọ́wọ́ wọn tó 77. Oríṣi ṣíà méjì ló wà: èyí tí ẹ̀yin àti èmi lè rà lọ́jà, àti èyí tí wọn kì í tà fún ẹnikẹ́ni, tí ìbò rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tàkọ́kọ́. Bí ayálégbé tó kun ilé, tó pààrọ̀ fèrèsé, tó ń dá àlejò lóhùn pé “wọlé, ilé mi nìyí”, ni gbogbo elépo àti ọlọ́tí yẹn ṣe rí. Onílé ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn.

Ní oṣù kẹwàá, onílé jáde. Ìgbìmọ̀ ní kí àwọn fi èèyàn díẹ̀ kún ara àwọn. Àjọ ní rárá, àtúntò gidi làwọn ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Alága àti àwọn mẹ́fà mìíràn ní àwọn ò dupò mọ́, nígbà tó sì di 14 oṣù kọkànlá, wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n dìbò, Bàbá olùwòye di alága. Èèyàn méje tí ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn gùn tó ọ̀nà Ìbàdàn kó ẹrù wọn tán kí wọ́n tó dá ọwọ́ ìbò náà sókè.

Ẹ wá bi mí pé kí ni Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ ní yunifásítì. Ẹ dì mí mú: ìmọ̀ igbó ni! Igi gẹdú, igi ahùn, bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń gé e. Ó kọ́ ètò ọrọ̀ ajé kún un, ó wọ Novo ní 1982, ó sì di ẹni tí Harvard Business Review fi ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lágbàáyé ní 2015 àti 2016. Ẹ̀yin adáhunṣe tí wọ́n ń pè ní ará oko, ẹ yọ̀. Inú igbó náà ni oògùn ti wá ní Denmark.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. August Krogh tó gbé insulin dé Denmark, ẹranko ló kọ́ ìmọ̀ nípa wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1920. Nígbà tí wọ́n lọ Amẹ́ríkà ní 1922, Marie aya rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó yà sí Toronto lọ wo insulin tuntun yẹn. Dókítà ni Marie, ìtọ̀ ṣúgà sì ń ṣe é. Nínú gbogbo ìwé ìwáṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí ti rí rí, tiẹ̀ ni mo fara mọ́ jù. Krogh àti Dókítà Hagedorn dá Nordisk sílẹ̀ ní 1923. Hagedorn lé apòògùn kan, Thorvald Pedersen, ní 1924, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Harald, tó ń bá Krogh ṣe ẹ̀rọ, bínú tẹ̀ lé e jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ dá Novo sílẹ̀, ilé méjèèjì sì ń bá ara wọn jà fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta kí wọ́n tó para pọ̀ ní 1989. Ìdílé tí wọ́n ti ń lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Lund fẹ́ lọ jókòó títí láé.

Àwọn tó wọlé báyìí ńkọ́? Cees de Jong di igbákejì alága. Chr. Hansen ló darí tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kòkòrò tí wọ́n fi ń di wàrà sí yógọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì. Bíà jáde, wàràkàṣì wọlé. Stephan Engels ti wá láti Danske Bank, Mikael Dolsten ti wá láti ẹ̀ka ìwádìí Pfizer. Àwọn mẹ́rin tí òṣìṣẹ́ fi ìbò tiwọn yàn, gẹ́gẹ́ bí òfin Denmark ṣe fàyè gbà, kò sẹ́ni tó mì wọ́n. Ìjì kọjá, aṣọ wọn ò ṣí.

Ìwé ìwáṣẹ́ tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀gá àgbà tuntun tí gbogbo wọn ń ṣọ́ báyìí, Mike Doustdar. Iran ni wọ́n ti bí i, Austria ló dàgbà sí. Ní 1992, ó wọ ọ́fíìsì Novo ní Vienna gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé lásán. Ní oṣù kẹjọ 2025 ó di ọ̀gá àgbà, ní oṣù kẹsàn-án ó kéde pé òun máa dín èèyàn 9,000 kù nínú òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń ka èyí lórí fáìlì elòmíràn, ẹ ti ń tún táì yín so pé ó kù díẹ̀ kó kàn yín: ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Mike fi dúró, ọjọ́ Jímọ̀ ò sì jẹ́ kó kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méjìlá.