Oríkì Ara Ẹni: Àlàyé Ìjìnlẹ̀ Lórí Síìfíì

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ti ṣiṣẹ́ takuntakun. Wọ́n ti to ìjálá sí àyè tirẹ̀, wọ́n ti ya ẹ̀sà egúngún kúrò lára rárà, wọ́n sì ti fi ẹkún ìyàwó síbi tí ìyàwó ti lè sun ún láìsí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà tí gbogbo wọn fò dá, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ lójoojúmọ́ láti Bàdágírì títí dé Ìlọrin: síìfíì, ìyẹn CV tí à ń fi wáṣẹ́. A kọ àlàyé yìí láti dí àlàfo náà. A ó fi hàn pé oríkì ni síìfíì, pé oríkì tí ara rẹ̀ kò yá ni, àti pé àìsàn tó ń ṣe é ló fà á tí ẹni tí kò mọṣẹ́ fi ń wọlé, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ń jókòó ti ìyá rẹ̀ nílé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ jẹ́, èyí kò sì rọrùn. Àmì ohùn kan ṣoṣo, lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́, ló wà láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́. Ẹni tó bá tẹ "mo n wa ise" sórí fóònù láìfàmì sí i ti fi ìpinnu lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í sì í sọ èyí tí wọ́n kà níbẹ̀ títí oṣù á fi parí. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún 2024 ní owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló mú wa dárúkọ rẹ̀.

NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, náà ti bá ìtumọ̀ iṣẹ́ wọ̀yá ìjà. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n ní ìdá 33.3 nínú 100 àwọn tó tó iṣẹ́ ṣe, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe é, ni kò níṣẹ́. Òṣùwọ̀n ìgbà náà ni pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ kò níṣẹ́. Ní 2023 wọ́n pààrọ̀ òṣùwọ̀n kó lè bá ti ILO, àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, mu: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti níṣẹ́. Iye náà sì rọ̀ wálẹ̀ sí 4.1 láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti kà fún ẹni tó ń wáṣẹ́, n kò tíì rí èyí tó yára jẹ́ tó báyìí. Àbúrò mi kan tó máa ń bá ìyá wa ta omi inú ọ̀rá fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti níṣẹ́. Èmi ni mo ki í kú oríire.

Ó di orí oríkì. Òfin tó gbé oríkì ró ni pé ẹlòmíràn ní í kini. Ìyá ń ki ọmọ láàárọ̀, ìyàwó ilé ń ki ọmọ ọkọ, onílù ń ki ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè kí onítọ̀hún tó rántí pé òun ní owó lápò. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ohùn ara rẹ̀ ki ara rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá mú un. Síìfíì gbé òfin yìí dorí kodò. Ó mú ọmọ tí wọ́n ti fi ogún ọdún kọ́ pé kó máa dáhùn pé "ìwọ̀nba náà ni mo mọ̀, sà", ó ní kó jókòó, kó sì kọ ọ́ sójú ìwé méjì pé akíkanjú ni òun, pé aláápọn ni òun, pé òun lè dá ṣiṣẹ́, pé òun lè bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, pé bí wàhálà bá ṣe ń pọ̀ tó ni ọkàn òun ṣe ń balẹ̀ tó.

Ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó lọ gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò, ọ̀rẹ́ náà sì ti gba ti ẹlòmíràn wò. Mo ka ogójì irú rẹ̀ rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ní kí n wá bá wọn yan akọ̀wé. Aláápọn ni gbogbo ogójì. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ aláápọn pẹ̀lú àṣìkọ kan náà nínú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí aláápọn. Ẹni tí kò kàwé á ní wọ́n jí i wò. Àwa onímọ̀ mọ̀ pé àtẹnudẹ́nu nìyẹn, bí ẹsẹ kan ṣe ń ti ẹnu akéwì kan bọ́ sí ti èkejì láìyingin. Mo fún wọn ní máàkì nítorí pé wọn kò ba àṣà jẹ́. Nísàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n fi ń najú, ìrìn-àjò ló gbawájú. Ẹnì kan nínú wọn yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ máígáàdì ibẹ̀ kó tó lè padà sílé.

Bí síìfíì bá jẹ́ oríkì, àlọ́ àpamọ̀ ni ìpolówó iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀kan: kí ni kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, tó ti sìnrú ìlú parí, tó fi tú-wàn jáde, tó sì ní ìrírí ọdún márùn-ún? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò já a. Ọmọ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó lo mẹ́fà níbẹ̀, ó lo mẹ́fà ní girama, ó lo mẹ́rin ní yunifásítì: 22. Ó lo ọdún kan ní NYSC, ètò ìsìnrú ìlú tí ìjọba Gowon dá sílẹ̀ ní 1973: 23. Bó bá ṣe kòńgẹ́ ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2020, tó gùn láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá, tó sì tún ṣe kòńgẹ́ ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì tó parí ní oṣù Kẹwàá, ó ti lé ní 24. Kí ìrírí rẹ̀ lè pé ọdún márùn-ún kó tó kọjá 25, ó ní láti ti máa ṣe akáǹtì fún ilé iṣẹ́ kan láti ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì, láìpa kíláàsì kankan jẹ. Ìdáhùn àlọ́ náà ni: ọmọ ọ̀gá. Òun nìkan ló máa ń wà ní ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ nígbà ọlidé.

Àwọn òyìnbó ti fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan wọ̀nyí. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí ọdún 85 jọ, wọ́n ń wá ohun tó lè sọ fún ọ̀gá, kó tó gbani síṣẹ́, bóyá onítọ̀hún á lè ṣe é. Bí nǹkan kan bá gba òdo, kò sọ ohunkóhun. Bó bá gba 1, arínúróde ni. Kí a gbé díẹ̀ lára iṣẹ́ náà gan-an fún un ká wo bó ṣe máa ṣe é: 0.54. Íntáfíù tí a ti bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà létòlétò: 0.51. Íntáfíù tí a kàn jọ ń sọ̀rọ̀ ká fi mọ̀ ọ́n: 0.38. Iye ọdún ìrírí: 0.18. Wíwo bí ọwọ́ ìkọ̀wé onítọ̀hún ṣe rí: 0.02. Ọjọ́ orí: òdo, pẹ̀lú 1 kékeré lẹ́yìn rẹ̀ àti àmì àyọkúrò níwájú. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní ọ̀pọ̀ iye wọ̀nyẹn ti ga jù, wọ́n gbé íntáfíù elétò sókè gbogbo wọn, ìrírí ọlọ́dún gbọọrọ sì tún wálẹ̀ sí i. Nípa báyìí, agbanisíṣẹ́ tó bá fi ọjọ́ orí àti iye ọdún ìrírí ṣa èèyàn ti fi ìṣọ́ra yan ohun méjì tí kò lè ràn án lọ́wọ́ láti inú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì.

Mẹ́káníìkì abẹ́ igi kò ka Schmidt, kò ka Hunter, ṣùgbọ́n 0.54 ló ń lò. "Wá bá mi tú táyà yẹn." Bó bá tú u tán, wọ́n á mọ̀. Ẹ dé oríta tí àwọn lébírà máa ń dúró sí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ óò rí ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ tó já fáfá jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Bíríkìlà á sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á wo ṣọ́bìrì kí ó tó wo ojú. Ṣọ́bìrì tó bá ń dán kò tíì ṣiṣẹ́, á kọjá lára rẹ̀. Á wo àtẹ́lẹwọ́. Á dá iye owó, wọ́n á dúnàá dúrà, wọ́n á gun ọkọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tí lébírà rí ara rẹ̀ sí ní ọdún márùn-ún sí i.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni fúrídọ̀ọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á fọ mọ́tò ọ̀gá, á gbọ́ èébú tó pé, lẹ́yìn náà wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gbé àga kalẹ̀, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú ẹgbẹ́ oníṣẹ́, á sì sọ̀rọ̀ rẹ̀: pé kì í jalè, pé òun ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ẹlòmíràn ni oríkì náà ti ń jáde, ẹni tó sì rí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú rẹ̀ ni. Sátífíkéètì tí wọ́n gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ̀rí pé wọ́n ti kì í ni. N kò mọ ohun tó ṣe àwọn tó ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà tí wọn kò fi lè ya èyí lò.

A dé íntáfíù, tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè pè tán. Ìwé ìmọ̀ràn ní kí ọmọ náà wo àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè lójú. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú. Ọ̀pọ̀ ti yanjú rẹ̀ nípa wíwo táì. Ìwé ní kó na ọwọ́ gírígírí. Ilé ní kó dúró kí àgbà kọ́kọ́ na tirẹ̀, kó sì tẹ eékún díẹ̀, nínú kóòtù tó yá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní, "Sọ díẹ̀ nípa ara rẹ fún wa." Nílé, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yìí ní: ọmọ Lágbájá ni mí, láti agboolé báyìí. Níbi íntáfíù, ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ní ìṣẹ́jú kẹta, àgbà kan tó ti ń tòògbé lápá ọ̀tún á bọ́ awò ojú rẹ̀, á tún orúkọ inú ìwé wò.

"Dúró ná. Ṣé ará Ìgbájọ ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàbá rẹ kọ́ ló ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá bàbá mi ni, sà."

"Háà! Ó nà mí rí!"

Láti ibi yìí lọ, àwọn ìbéèrè tó kù kò ní ìtumọ̀ lábẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹlòmíràn ti kì í.

N kò sọ pé ó dára. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ kò na ẹnikẹ́ni wà níta, ṣọ́bìrì rẹ̀ sì ti gbó. Irú rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ìwọ tó ń wáṣẹ́, fi aláápọn sílẹ̀, kọ ohun tí o ti ṣe, ibi tó wà, àti ẹni tó rí i. Ẹni tí o bá ṣiṣẹ́ fún, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, kódà ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o sanwó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ kó tó gbà ọ́, máa lọ sílé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014, ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tó san 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan láti du àyè iṣẹ́ tí iye rẹ̀ kò tó 5,000 lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de, ìyẹn Immigration. Inú pápá ìṣeré ni wọ́n kó wọn jọ sí fún ìdánwò. Ó kéré tán, èèyàn 15 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. N kò ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan fún ìyẹn.

Ìwọ agbanisíṣẹ́, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí o kọ àdéhùn sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́: owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ya ara yín. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó béèrè ìwé mẹ́tàlá lọ́wọ́ ọmọ náà kò tíì kọ ẹyọ kan fún un. Ọmọ náà kò ní dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni ẹkún ìyàwó tòótọ́, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó sì ti kó ẹrù lọ sílé tó lówó jù ú lọ.

Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan pè mí lórí fóònù nípa ọmọkùnrin kan tó fi orúkọ mi sílẹ̀. Síìfíì rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin. Èmi náà bá a tún un ṣe. Ọ̀gá wọn bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó máa ń rí àgbà fín? Mo ní rárá. Ṣé bí mo bá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, màá bá a? Mo ní mo ti fi sílẹ̀ rí, mo sì bá a. Ó ní ṣé ó mọ kọ̀ǹpútà. Mo ní ó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ṣeun gan-an, sà. Kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo béèrè bóyá wọ́n ti ka síìfíì rẹ̀. Ó ní wọ́n á kà á bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.