Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìbàdí-Àrán Tó Ń Dé Gèlè

Ìbàdí-àrán, ọkọ mi,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Gbogbo ilé ní Jóbẹ̀lẹ̀ ń kí yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń pè yín. Ìyàwó ilé kì í bú ọmọ ọkọ, àwàdà ló ń ṣe.

Fọ́tò òde tí ẹ fi ránṣẹ́ ló fa ọ̀rọ̀. Gèlè yín ga, ó gún régé, àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa tí mo rí i pé télọ̀ ti rán an pa. Ẹ ò wé e, ẹ dé e ni! Ìró ńkọ́? Síìpù! Ìbàdí tí mo ti fi ń pè yín láti ọjọ́ tí mo wọlé yín, òun ni kò lè gba ìró dúró mọ́?

Ẹ tún wá ń bèèrè pé kí ni ìborùn wà fún nígbà tí òtútù ò mú wa níbí. Háà! Bó bá wà léjìká, aṣọ pé. Bí ijó bá dé, a fà á sílẹ̀, a fi gbàjá mọ́dìí, kí ìró má tú nígbà tí onílù bá ń ki bàbá yín. Ọmọ sùn, a fi bò ó. Èyí tí mo gbé wọlé ọkọ, sányán Ìṣẹ́yìn ni: òwú tí kòkòrò inú igbó ta ni wọ́n fi hun ún.

Ẹ ní ayé ti lajú. Ayé wo? Ẹ wo àwọn obìnrin Íńdíà tó wà ládùúgbò yín. Sari wọn gùn tó yáàdì mẹ́fà, wọ́n á ká a mọ́ra, wọ́n á ṣẹ́ ẹ níwájú, ìyókù á gba èjìká òsì kọjá. Ọkùnrin Gánà tó ró kente, èjìká òsì ló ń gbé e sí. Bó bá fẹ́ kí ọba, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ léjìká. Ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, òwe ni wọ́n ń tẹ̀ sára kanga (kì í ṣe tomi o), kí orogún lè ka èébú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lanu. Pashmina tí ẹ fi ń ṣe fújà yẹn pàápàá, irun ewúrẹ́ Kashmir ni. Àwọn ahunṣọ Paisley ní Scotland sín ìborùn Kashmir jẹ títí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Òyìnbó ń sín ìborùn jẹ, ẹ̀yin ń sá fún un!

Gèlè ò le. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ gbé e lé iwájú orí, ẹ fà á sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpàkọ́, kí ẹ fi èkejì yí ìyókù ká. Kí ẹ tó so ó, ẹ fìka to ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tórí bá ń fọ́ yín, ó ti fún jù nìyẹn.

Aṣọ ẹbí oṣù Kejìlá ti délẹ̀ láti ọjà Ọ̀jẹ́ n'Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, tiyín ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Orí nìkan ni kí ẹ gbé wá, àwa ìyàwó ilé la ó wé e. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Póùn la ń gbà.

Èmi ni,
Ìyàwó yín.