Ta Ló Ń Jí Mínírà Nínú Fíríìjì Àwọn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Bí ìjọba bá kọ “Ẹ má wọlé” sára ògiri, ẹni tí kò ní ohunkóhun í ṣe ládùúgbò náà á dúró, á nàgà wòran. Bá a ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ DSS, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Nàìjíríà, fi máa ń dùn jù lẹ́nu àwọn tí kò bá òṣìṣẹ́ DSS kankan jókòó rí. Ọkùnrin kan wọ awò dúdú, ó dá jókòó sídìí ọtí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kíá, wọ́n á ti máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀: “Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀, gbèsè tó jẹ ni bàbá ọlọ́bàbá ń rò.

Kí ni wọ́n ń jẹ níbi iṣẹ́ wọn? Ṣé ìyàwó wọn mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tá à ń sọ lórí fóònù, títí kan irọ́ tá a pa fún ẹni tá a jẹ lówó? Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn, kó gba Amẹ́ríkà lọ. Ilẹ̀kùn tiwọn ti ṣí díẹ̀.

Àjọ NSA ló ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé láti Fort Meade, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Lọ́dún 1999, ayé gbọ́ pé wọ́n ti fòfin de Furby, ọmọláńgidi onírun tó ń sọ̀rọ̀, pé kò gbọdọ̀ wọ ọgbà àwọn, kó má lọ gbọ́ àṣírí ìjọba kó wá máa tún un sọ fáwọn ọmọdé nílé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní nǹkan ìṣeré náà kò lè gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá fọkàn tán ọmọláńgidi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Edward Snowden, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, wá kó ìwé àṣírí wọn jáde lọ́dún 2013, a rí ohun tó bani lẹ́rù. A gbọ́ ẹ̀sùn pé wọ́n dójú sọ fóònù Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹrù Snowden ni èyí tí ìwé ìròyìn The Intercept gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Ọ̀gá kan wà ní NSA tó fi orúkọ Zelda bojú, tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ ayélujára abẹ́lé wọn, níbi tí ẹni tí wọn ò bá tíì yẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè dé.

Kí ni àwọn amí ń bi Àǹtí Zelda? Pé ẹnìkan ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Pé ọ̀gá kì í fèsì lẹ́tà. Pé ara ẹnìkan ń rùn. Pé wọ́n ń jí mínírà nínú fíríìjì àjùmọ̀lò! Etí tí wọ́n ní ó gbọ́ Berlin kò gbọ́ ẹni tó ń ṣí agolo mínírà ní yàrá kejì.

Lẹ́tà kan ti ọdún 2011 ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òṣìṣẹ́ kan ní ọ̀gá àwọn ti yan olófòófó sáàárín àwọn. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀gá á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Á tún máa pe àwọn olófòófó rẹ̀ nílé, kí wọ́n wá rojọ́ ọ́fíìsì fún òun. Ó ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn po. Ẹni tó ń gbowó oṣù nídìí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ rèé, ó ń sunkún pé wọ́n ń gbọ́ tòun. Kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́tà o. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pa àṣírí mọ́.

Àwọn CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà mìíràn, náà mọ̀ pé a fẹ́ràn òfófó, wọ́n sì ń fún wa jẹ níwọ̀nba. Ilé kọfí Starbucks wà nínú ọgbà wọn ní Langley, níbi tí àwọn tó ń po kọfí kì í kọ orúkọ oníbàárà sára ife. Nígbà tí CIA kọ́kọ́ dé orí Twitter ní oṣù Kẹfà 2014, wọ́n ní àwọn ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bóyá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àwọn nìyẹn. Ayé rẹ́rìn-ín títí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí bí CIA ṣe dá àwọn tó wà ní àhámọ́ wọn lóró. Àwọn tó rántí ọ̀rọ̀ ife kọfí pọ̀ ju àwọn tó rántí ìyẹn lọ, lójú tèmi.

Tiwa ńkọ́? Wọ́n dá NSO, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa ìgbà náà, sílẹ̀ lọ́dún 1976 lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala, olórí orílẹ̀-èdè. Babangida pín in sí mẹ́ta lọ́dún 1986, DSS àti NIA, tó ń ṣe amí nílẹ̀ òkèèrè, sì wà lára wọn. Kò sí Zelda kankan níbẹ̀ tá a gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, oṣù Kẹrin 2017 ni, nílé Osborne Towers ní Ìkòyí. Ẹnìkan ta EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, lólobó, wọ́n wọlé, wọn ò bá èèyàn. Owó ni wọ́n bá lẹ́yìn wọ́dúróòbù: ó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là, 27,800 pọ́n-ùn, àti mílíọ̀nù 23 náírà lé díẹ̀. Gómìnà Rivers ìgbà náà, Wike, ní ti ìpínlẹ̀ òun ni. NIA ní rárá, owó iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ tàwọn ni. Ilé ẹjọ́ ní kó di ti ìjọba àpapọ̀. Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, yọ ọ̀gá àgbà NIA nípò. EFCC gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n tún fa ẹjọ́ náà padà lọ́dún 2023.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń bèèrè nígbà náà ni pé yàrá mélòó ló wà nínú ilé yẹn, àti ta ni aládùúgbò wọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn àjọ wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ lé oníròyìn jáde, a ò bèèrè orúkọ amí kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ sáà bá wa ka owó náà lọ́dọọdún, kí ẹ kà á tán kí EFCC tó bá yín kà á ní Ìkòyí.