Ìbọn Kẹta

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin tó ti pé àádọ́rin ọdún, tó ń san owó iná, tó ń san owó omi, tí kò jẹ gbèsè kankan ní gbogbo Tafo ní Kùmásí àfi ti onígbàjámọ̀, kò láṣẹ láti mú irú ìbọn tó wù ú. Ìbọn méjì ni mo ní. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, ìbọn ìléwọ́, kó di mẹ́ta, kí n máa tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsinmi kí n máa wò wọ́n. Ọdún kẹta rèé. Olè tó fọ́lé lẹ́yìnkùlé wa lọ́dún tó kọjá mú ìbọn dání, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Èmi tí mo wọ bàtà, tí mo dé fìlà, tí mo lọ béèrè, èmi ni wọ́n ń bi.

Àwọn méjì tó wà nílẹ̀ náà ní ìtàn tiwọn. Àkọ́bí ni ṣakabùlà bàbá bàbá mi, tó ṣọdẹ nígbó Ogbómọ̀ṣọ́ títí eyín fi ká lẹ́nu rẹ̀. Dane gun ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbí, wọ́n ní àwọn Òyìnbó Dẹ́nmáàkì tó kọ́ odi sí Osu létí òkun ló ń tà á láyé àtijọ́. Bàbá mi gbé e wá sí Kùmásí nígbà tó wá pàtẹ aṣọ ní Kejetia. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ní ìsọ̀, ó ní ìyàwó méjì, ó ní ọmọ mẹ́jọ, Twi rẹ̀ dán ju ti onílé wa lọ; ìwé nìkan ni kò ní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. A di ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ orí lọ́rì, a so adìyẹ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ìbọn kọjá bodè mẹ́ta? Bàbá mi fà á lé onílé wa lọ́wọ́, ọmọ Àṣáńtì pọ́ńbélé.

Lẹ́yìn tí sójà ti lé Busia kúrò lórí àga ní 1972, a padà dé. Onílé wa na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìbọn yọ, ó ti fi òróró pa á títí ó ń dán. Ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí bàbá mi má bínú, òun ti yìn ín nígbà mẹ́rin níbi òkú àwọn èèyàn òun, torí ìtìjú ńlá ni kí wọ́n máa sin àgbàlagbà ní Àṣáńtì kí ìbọn má ró. Bàbá mi béèrè pé ẹ̀tù ta ni ó fi yìn ín. Ó ní ẹ̀tù òun ni. Bàbá mi ní kò sí ìjà nígbà náà.

Ìkejì kò nítàn púpọ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ kátíríìjì ni, mo rà á nígbà tí mo ń dáko ẹ̀gẹ́ tí ọ̀yà fẹ́ jẹ mí run. Ọdọọdún ni mo ń tún ìwé rẹ̀ gbà. Àwọn ọ̀yà náà ti kú tán, ẹlòmíràn ló sì pa wọ́n.

Wàyí o, kò yẹ kí yíyan ìkẹta le. Àmọ́ mo ṣe àṣìṣe kan: mo sọ ọ́ lẹ́nu lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú onígbàjámọ̀. Ẹ máa gbọ́.

Sójà tó ti fẹ̀yìntì kan wà níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì là ń pè é. Browning ni tirẹ̀, Browning náà ni, àfi Browning. Ní 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọta mẹ́tàlá ló ń gbé, irin ni látòkè délẹ̀, ológun kárí ayé ló gbé e sí ìbàdí. Òun gan-an rí i ní Lẹ́bánónì nígbà tí wọ́n lọ ṣọ́ àlàáfíà. Tó bá ti dé Lẹ́bánónì báyìí, ọ̀rọ̀ ìbọn ti parí nìyẹn, oúnjẹ ibẹ̀ ló kàn.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní tòun ni pé Glock ló wà lóde. Mo bi í pé ta ló ṣe é. Fóònù ló fi wá a jáde, òun gan-an ló sì kàn lábùkù: Gaston Glock ará Ọ́stríà, ọ̀pá kọ́tínnì àti ọ̀bẹ ló ń ṣe kí àwọn sójà ìlú rẹ̀ tó gba ìbọn rẹ̀ wọlé ní 1982. Ike ló fi ṣe ara rẹ̀! Mo ní ẹ bá mi dá sí i, ṣé n óò máa fi ìbọn oníkọ́tínnì han àwọn ọmọ-ọmọ mi? Ọmọ náà ní ọta mẹ́tàdínlógún ló ń gbé. Mo ní ènìyàn mélòó ni mo bá jà?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ní èyí tó wù mí, ẹnikẹ́ni kàn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ ni. Èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí ọlọ ni, irú èyí tí Samuel Colt gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1836. Ó rẹwà. Èèyàn lè rí ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣe nínú rẹ̀. Kí n tó sọ gbólóhùn kejì, Sájẹ́ǹtì ti ń rẹ́rìn-ín: “Baba Ràṣídì, màlúù mélòó lẹ fẹ́ máa dà?” Ó di ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń pè mí ní darandaran ní gbogbo òpópónà wa.

Ẹni tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Suame Magazine. Gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí irin tí wọn ò lè sọ di nǹkan mìíràn níbẹ̀, lọ́rì tó kú sí Tamale ń jí dìde ní Suame. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun mọ ẹnì kan, èyíkéyìí tí mo bá fẹ́, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, yóò sì kọ orúkọ Amẹ́ríkà sí i lára. Mo dìde lórí bẹ́ńṣì yẹn bí ẹni tí èèrùn ta. Láti 1972 ni òfin ìbọn orílẹ̀-èdè yìí ti wà, ẹni bá rọ ìbọn láìgbàṣẹ ti wọ gàù, ẹni bá rà á ti bá a wọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti rí alágbẹ̀dẹ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bú mọ́ lọ́wọ́. Ìka mẹ́wàá ni mo ní, mi ò rí èyí tí mo lè yọ̀ǹda nínú wọn.

Mo wá ní kí n gba ọ̀nà tó tọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, ẹ má bi mí pé èwo. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọjọ́ orí, mo kọ ọ́. Ìdí tí o fi fẹ́ ẹ: mo kọ pé “Kí n máa wò ó.” Akọ̀wé náà kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà, ó wá pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wo nǹkan. Wọ́n ní ṣé olè ń yọ mí lẹ́nu ni? Rárá o. Ṣé oko ni? Mo ti pa oko tì. Ṣé mo ń ta wúrà ni? Ìbá ṣe pé mo ń ta wúrà, ṣé Tafo ni wọn ò bá ti bá mi ni?

Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tó mọ òfin ló là mí lóye. Ó ní àwọn ìjọba ECOWAS ló péjọ sí Àbújá ní oṣù kẹfà ọdún 2006, wọ́n sì fẹnu kò pé aráàlú tó bá fẹ́ ìbọn gbọ́dọ̀ fi ìdí tó mọ́yán lórí hàn, kó fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n lò, kó fi hàn pé òun ní ibi tí òun yóò kó ìbọn sí lọ́tọ̀, kó ọta sí lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, kó dúró fún ó kéré tán ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí inú tó bá ń bí i lè rọ̀. Inú kankan kò bí mi nígbà tí mo jáde nílé. Ibẹ̀ ni mo dé tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ẹ sì wò ó, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa rí sí ìbọn kéékèèké ti sọ pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú ní Gánà tó 2.3 mílíọ̀nù. Méjì nínú rẹ̀ ni tèmi. Ta ló ni èyí tó kù? Ṣé gbogbo wọn ló kọ ìdí tó mọ́yán lórí?

Mo pe àbúrò mi ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé jàre, ilé ni àbọ̀ simi oko. Lọ́jọ́ kejì ló tún pè, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti lọ bi lọ́yà. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, inú àwọn nǹkan èèwọ̀ ni ìbọn ìléwọ́ wà, òun àti àgbá àti bọ́m̀bù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì, títí kan ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ló lè fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ ná, Ààrẹ yóò gbé ọ̀rọ̀ owó epo sílẹ̀, yóò ní kí wọ́n mú fáìlì Baba Ràṣídì wá? Ní Gánà, wọ́n ń pè mí ní Alátà. Ní Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń pè mí ní ará Gánà. Ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ni ìlú méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lórí mi.

Ìyá Ràṣídì, ìyàwó mi, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Fìríìjì ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n bi mí pé nínú méjì tó wà nílẹ̀, èwo ló ti pa eku rí? Mo ṣàlàyé pé àkójọ ni, kì í ṣe fún eku. Wọ́n ní ìbọn lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀, yàrá méjì là ń gbé, ṣé àwọn ni wọn óò máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ìbànújẹ́ yìí ni mo gbé lọ sí odi àwọn Òyìnbó láàárín ìgboro Kùmásí, èyí tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ní 1953. Inú rẹ̀ ni àwọn jagunjagun Yaa Asantewaa há gómìnà Hodgson mọ́ ní 1900. Ìbọn wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá lógun kan sí òmíràn. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe sórí aṣọ funfun gan-an ni wọ́n ṣe níbẹ̀, kìkì pé tiwọn kún yàrá. Ẹni tó ń mú wa káàkiri rí ojú mi, ó ní, “Baba, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ o.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi nínú. Ìbọn onígi! Ahwiaa kò jìnnà sí wa, téèyàn bá ti gba ọ̀nà Mampong kọjá Pankrono ló dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ àpótí ìjókòó fáwọn ọba. Ta ni yóò bi igi ní láísẹ́ǹsì? Ìyá Ràṣídì ní kí n ṣọ́ra: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun? Wọ́n ní ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kò ní dúró tẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbá mi létí. Mo ní n óò fi ìwé ìròyìn wé e. Wọ́n ní ìyẹn ló burú jù.

Mo wọ ọkọ̀ trotro. Mo bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀dọ́mọkùnrin, àpótí mẹ́ta tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ yí i ká. Mo ṣàlàyé fún un ní Twi, mo fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ sínú ìyẹ̀pẹ̀: ẹnu rẹ̀ rèé, ibi tí ilé ọta ti ń yí rèé, kó jẹ́ kó máa yí lóòótọ́. Ó bi mí irú igi tí mo fẹ́. Inú mi dùn, ẹnì kan bi mí ní ohun tí mo fẹ́ láyé. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kó dúdú. Mo ní kó dúdú. Ó mú igi kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wá gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

“Agya, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní kí n máa wò ó ni.

Ó wò mí. Ó wo igi ọwọ́ rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ wíwò ni, òun yóò kúkú gbẹ́ àpótí ìjókòó kan fún mi; mo lè máa wo ìyẹn náà, tó bá sì rẹ̀ mí, kí n jókòó lé e. Iye tó sì dá lé e kò pọ̀.