Èmi àti Ológoṣẹ́ Mile 12

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló kó mi sí i. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹyẹ nìkan ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Ó gbé àpótí onípákó kọ́ ara òpó lẹ́yìnkùlé rẹ̀ fún ẹyẹ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, tí àyà rẹ̀ sì pọ́n. Bluebird ni wọ́n ń pè é. Inú ihò igi ló máa ń yé sí, àmọ́ ihò igi ò pọ̀ mọ́, ni àwọn èèyàn bá ń kan àpótí fún un.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ológoṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún 1851 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Brooklyn, pé yóò máa bá wọn jẹ kòkòrò. (Ọdún yẹn kan náà ni àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dún lórí Èkó tí wọ́n fi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Ó jọ pé ọdún náà ò rọgbọ fún onílé níbi kankan.) Kàkà kí ológoṣẹ́ dojú kọ kòkòrò, ilé onílé ló dojú kọ. Á wọ inú àpótí, á sọ bluebird lórí títí tó fi máa kú, á wá kó koríko lé òkú rẹ̀ lórí, á sì yé ẹyin tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àmàlà alẹ́ ọjọ́ náà ò lọ lọ́fun mi.

Mo gbójú sókè wo òrùlé ilé tí mò ń gbé lẹ́yìn ọjà Mile 12 ní Èkó, ológoṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Mo ní, "Àwọn ọ̀daràn náà rèé!" Ẹyẹ wo ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Mi ò bi ara mi. Mo gbé pákó lọ bá kápẹ́ńtà kan ní Ikosi, mo ní kó kan àpótí, kó dá ihò íńṣì kan àbọ̀ sí i.

"Kóló ni?"

"Ilé ẹyẹ ni."

Ó wò mí, ó wo pákó. "Ọ̀gá, ẹyẹ náà máa san owó àgírímẹ́ǹtì?"

Mo kàn án mọ́ ògiri, lókè ibi tí Ìyá Alátà, aládùúgbò mi, ń to apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó bá rà lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ Kano sí. Kò pẹ́ tí ológoṣẹ́ méjì fi débẹ̀. Mo gun àkàbà, mo kó koríko wọn dànù. Wọ́n kó òmíràn wá: èérún ara apẹ̀rẹ̀ tòmátò, òwú pupa tí wọ́n fà yọ lára àpò àlùbọ́sà, ìyẹ́ adìyẹ. Mo tún kó o dànù. Wọ́n tún kó o dé. Ní Mile 12, ta ló máa ní òun ò rí nǹkan kọ́lé?

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn tọ̀hún máa ń so ọ̀já tó ń dán sókè àpótí. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ẹ, ẹ̀rù á ba ológoṣẹ́, bluebird ò sì ní bìkítà. Èmi ò ní ọ̀já. Mo fa téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan yọ, mo so aṣọ pupa pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rù ò ba ológoṣẹ́. Ìyá onílé ni ẹ̀rù bà. Ó ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀, ó rí àpótí oníhò, ó rí pupa àti dúdú tó ń jó nínú atẹ́gùn, ó rí èmi náà lórí àkàbà, tí mò ń sọ̀rọ̀ sínú ihò. (Èébú ni mò ń bú wọn.)

"Jésù! Ta lo fẹ́ pa nínú ilé mi?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹyẹ ni."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹyẹ ni! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Bí mo ṣe yíjú pé kí n ṣàlàyé, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ Ìyá Alátà ni mo fìdí balẹ̀ sí. Tòmátò tó ti Kano dé Èkó láì fọ́, abẹ́ ìdí mi ló fọ́ sí.

Mo ṣì fi fọ́tò àwọn ọ̀tá ránṣẹ́ sí Maryland, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ ìyá wọn ò sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì: "Dúdú ọ̀fun rẹ̀ dà?" Mi ò mọ ohun tó ń wí. Ó ṣàlàyé pé akọ ológoṣẹ́ Yúróòpù ní dúdú láti àgbọ̀n dé àyà. Eléyìí, gbogbo orí rẹ̀ ló rí bí eérú, kò sí dúdú kankan lọ́fun rẹ̀. Passer griseus ni, ọmọ Áfíríkà pọ́ńbélé. Abẹ́ òrùlé àti ihò ògiri ló ń gbé, bí kò bá rí yẹn, á gba ilé àtijọ́ alápàńdẹ̀dẹ̀. Ẹyẹ ìbílẹ̀ tí irú àpótí mi wà fún gan-an ni mò ń lé kúrò nínú rẹ̀, nítorí ẹjọ́ tí ìbátan rẹ̀ jẹ ní Amẹ́ríkà.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀daràn náà jáde, ó ti dín kù débi pé láti ọdún 2002 ló ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń kígbe pé ewu ń wu. Wọ́n ń kan àpótí fún un níbẹ̀!

Mo já téèpù àti aṣọ pupa sílẹ̀. Àwọn ológoṣẹ́ ò padà. Agbọ́n ló gba àpótí. Àwọn ológoṣẹ́ ti kó lọ sí abẹ́ òrùlé Ìyá onílé, lókè fèrèsé yàrá rẹ̀, wọ́n ń ké láti ìdájí, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kí n gun àkàbà.

Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, Ìyá Alátà á kan ilẹ̀kùn mi: "Bàbá Ẹlẹ́yẹ, owó tòmátò mi ńkọ́?" Mo ti kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí Maryland. Ẹ̀gbọ́n mi ti kà á. Àmì méjèèjì ti di búlúù, kò tíì fèsì.